Kí Ló Dé Tí Ṣọ́jà Náà Fi Yìnbọn?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu ọmọ ènìyàn nígbà tí ibi ńlá bá ṣẹlẹ̀. Kí a tó gbé òkú kúrò nílẹ̀, kí a tó mọ iye ẹni tó kú, a ó ti máa bi ara wa léèrè pé, "Kí ló dé?" Kì í pẹ́ rárá tí ẹnì kan yóò fi dáhùn. Bí ìdáhùn náà bá tọ̀nà, ó dára. Bí kò bá tọ̀nà ńkọ́? Ta ni yóò san gbèsè rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà méjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ilé ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì, a sì lè gbé ohun tí ayé sọ ní ọjọ́ kìíní sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ní Texas

Fort Hood jẹ́ bárékè ńlá kan lẹ́bàá ìlú Killeen ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, àwọn ṣọ́jà kún inú ilé kan níbẹ̀. Ilé náà ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́, tí dókítà ti ń yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n sì ti ń tún ìwé wọn ṣe, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń lọ sójú ogun tàbí àwọn tó ti ibẹ̀ dé. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń retí kí a pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti í jókòó ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ológun kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ bíi tiwọn dìde láàárín wọn, ó ké "Allahu Akbar," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìbọn ìléwọ́ lù wọ́n. Ọta tó yìn lé ní 200.

Ènìyàn 13 ló kú. Àwọn 12 jẹ́ ológun, ẹnì kan kì í ṣe ológun. Oyún wà nínú ọ̀kan lára àwọn obìnrin ológun náà. Àwọn tí ọta bà tí wọn kò kú lé ní 30. Ọlọ́pàá méjì, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, ló dojú kọ apànìyàn náà. Ọta ba obìnrin náà, ó ṣubú. Ọkùnrin náà ló wá fi ìbọn dá a dúró. Apànìyàn náà kò kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́.

Orúkọ rẹ̀ ni Nidal Malik Hasan, oyè rẹ̀ ni Major, ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ ọdún 39. Ní Amẹ́ríkà ni a bí i, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ilẹ̀ Palestine sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Mùsùlùmí ni. Dókítà ni pẹ̀lú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tọ́jú àwọn ṣọ́jà tí ogun ti da ọkàn wọn rú. Ẹni tí wọ́n ń sọ ìbànújẹ́ wọn fún ló gbé ìbọn sí wọn. Ta ni kò ní béèrè pé kí ló dé?

Ohun tí ayé sọ kí ilẹ̀ tó mọ́

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìròyìn ọjọ́ kìíní ti rí. Wọ́n ní àwọn tó yìnbọn ju ẹyọ kan lọ; a mú ṣọ́jà méjì mìíràn, a sì dá wọn sílẹ̀ nígbà tí a rí i pé ọwọ́ wọn mọ́. Ọ̀gágun tó ń ṣàkóso bárékè náà jáde sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé apànìyàn náà ti kú. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó tún jáde wí pé ó ń bẹ láàyè. Gbogbo ayé ń yin ọlọ́pàá obìnrin náà pé òun ló mú un balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé ọlọ́pàá kejì ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ojú rí gan-an lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ díẹ̀, báwo ni ti ohun tó wà nínú ọkàn ènìyàn, tí ojú kò lè rí, yóò ti rí?

Síbẹ̀ ìdáhùn pọ̀ bí ìyẹ̀ ẹyẹ. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ló ràn án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò lọ sójú ogun rí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ẹ̀sìn rẹ̀ bú u láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àti pé ó ti ń wá ọ̀nà láti kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rù ló bà á, nítorí pé wọ́n fẹ́ rán an lọ sí Afghanistan. Àwọn yòókù ní kò sí ohun tí a tún ń wá kiri, ẹ̀sìn rẹ̀ ni. Nínú àwọn wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tó wí pé kí a yọ gbogbo Mùsùlùmí kúrò nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà.

Àwọn baba wa ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe náà wúlò fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀, tí ó fẹ́ fura. Kò wúlò fún adájọ́. Adájọ́ gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ibà ló ṣe ọmọ náà.

Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà. Rédíò ẹnì kan nínú wa ló gbé ìròyìn náà wọ inú yàrá wa. Kí a tó jẹun alẹ́, àríyànjiyàn ti gba gbogbo ilé. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí kò tíì kọjá Ìbàdàn rí láyé rẹ̀. Òun ni wọ́n yí ká, tí wọ́n ń bi pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe irú èyí. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí Texas wà hàn mí nínú àwòrán ayé." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Bí ìbéèrè náà bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ro bí yóò ti rí fún Mùsùlùmí tó wọ aṣọ ológun nínú bárékè Fort Hood gan-an ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdí nìyí tí Ààrẹ Barack Obama fi jáde ní ọjọ́ kejì tó kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe yára dé òpin ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò tíì hàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, Ọ̀gágun George Casey, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹ̀rù ń ba òun kí àròsọ yìí má baà mú kí a kọjú ìjà sí àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí wọn. Wọ́n ní wọ́n ń fi ewé bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tí a wá mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ bí ó ti rí. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò ṣeé mú kúrò nínú ìdí tí Hasan fi pànìyàn. Ó ti kọ lẹ́tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí Anwar al-Awlaki, oníwàásù kan tí a bí ní Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Yemen, tó ń kéde ogun sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2013, Hasan fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba òun láyè láti wí pé nítorí kí òun lè gba àwọn olórí Taliban ní Afghanistan là ni òun ṣe pa àwọn ṣọ́jà náà. Adájọ́, Tara Osborn, kò gbà. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó kọ agbẹjọ́rò, ó dúró fún ara rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé òun ni òun yìnbọn, pé òun ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò pe ẹlẹ́rìí kankan.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè wí pé, "Ẹ ò rí i? Àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kìíní ló tọ̀nà." Ẹ rọra. Wọ́n tọ̀nà nípa ẹnì kan, wọ́n sì ṣìnà nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tó wà nínú Hasan kò sí nínú Mùsùlùmí tó ń wa ọkọ̀ ogun tàbí tó ń se oúnjẹ ní bárékè kan náà. Ìdí tí ẹnì kan fi ṣe ohun kan kì í ṣe ogún tí gbogbo ará ilé rẹ̀ jọ pín. Bákan náà, ẹ̀rí fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé kò fẹ́ lọ sójú ogun ní tòótọ́. Nítorí náà àwọn tó ní ẹ̀rù ni, tí àwọn mìíràn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò purọ́ pátápátá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí àwa olùkọ́ fetí sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá Hasan níbi tó ti kọ́ṣẹ́ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ léwu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣùtì sí i, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ó di àkókò láti kọ ìwé nípa iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ dáadáa ni wọ́n kọ, wọ́n sì tì í síwájú. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pàápàá rí lẹ́tà tó kọ sí Yemen, wọ́n ní ó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àìyára dájọ́ kì í ṣe àìríran. Ẹni tó ń sunkún, ó yẹ kó máa ríran. Ohun tí ẹnì kan sọ àti ohun tó ṣe ni ká wò, kí a má wo orúkọ rẹ̀ tàbí ibi tó ti ń kírun.

Orúkọ tí a sọ ọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má rò pé àwọn tí kò ní iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìdí yìí wà fún. Owó wà nínú rẹ̀, iyì sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ka ìṣẹ̀lẹ̀ Fort Hood sí ìwà ipá níbi iṣẹ́. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti ẹbí àwọn tó kú ní ogun ni, àwọn apániláyà ló ṣe é. Ìyàtọ̀ kí ni? Bí ó bá jẹ́ ogun, àmì ẹ̀yẹ Purple Heart tọ́ sí wọn, àti àwọn àǹfààní tó ń bá a rìn. Bí ó bá jẹ́ ìjà ibi iṣẹ́, kò tọ́ sí wọn. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń bẹ ìjọba. Àfi ìgbà tí àwọn aṣòfin yí òfin padà ní òpin ọdún 2014 ni ọ̀nà tó là, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015 sì ni wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ náà sí wọn láyà ní bárékè kan náà. Ẹ wo bí orúkọ tí a bá fún ìdí ohun kan ti lè di oúnjẹ lẹ́nu opó.

Ṣọ́jà kejì

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2012, sájẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kan, Robert Bales, yọ́ jáde nínú àgọ́ ológun kan ní agbègbè Panjwai, ní Kandahar ní ilẹ̀ Afghanistan. Ó wọ ilé àwọn ará abúlé níbi tí wọ́n sùn sí, ó yìnbọn pa wọ́n. Ó padà sí àgọ́, ó tún jáde lọ sí abúlé mìíràn. Ènìyàn 16 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé.

Ìbéèrè náà tún dìde: kí ló dé? Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbọ́ bí ìdáhùn ti rí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní èyí ni ìgbà kẹrin tí wọ́n ń rán an lọ sójú ogun, ó ti lọ sí Ìráàkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti forí gbá rí, bóyá ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n ní gbèsè ilé wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní wọn kò fún un ní ìgbéga, wọ́n ní ó mutí. Àwọn ará Afghanistan ní tiwọn kò gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é. Wọ́n ní àwọn ṣọ́jà náà pọ̀.

Mo fẹ́ kí a fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Nígbà tí Hasan yìnbọn, mọ̀ṣáláṣí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ sáré lọ wò. Nígbà tí Bales yìnbọn, agbárí rẹ̀ ni wọ́n sáré lọ wò. Kò sí ẹni tó béèrè irú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, kò sì sí ẹni tó ní kí àwọn ará ìlú rẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Ẹni tó jẹ́ tiwa, a máa ń wá ohun tó ṣe é. Ẹni tí kì í ṣe tiwa, a máa ń wá irú ẹni tó jẹ́. Ìwọ̀n méjì ni wọ́n fi wọn ọjà kan náà, ẹ̀yin ọlọ́jà sì mọ orúkọ tí a ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Bales jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ kí wọ́n má baà dá ẹjọ́ ikú fún un. Adájọ́ bi í léèrè ìdí tó fi pa wọ́n. Ó ní òun ti bi ara òun ní ìbéèrè náà láìmọye ìgbà, kò sì sí ìdí rere kan láyé yìí. Gbogbo ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn ti kó jọ fún ọdún kan, gbèsè, ọtí, ọpọlọ, ìgbéga, òun fúnra rẹ̀ kò lè mú ọ̀kan nínú wọn kí ó wí pé, "Èyí ni."

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Ní ọjọ́ kan náà yẹn, àwọn ìgbìmọ̀ ológun ní Texas ní Hasan jẹ̀bi ikú ènìyàn 13; àwọn ìgbìmọ̀ ológun ní ìpínlẹ̀ Washington sì rán Bales lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére, láìsí ìrètí pé yóò jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Hasan. Ọ̀kan sọ ìdí rẹ̀ lóhùn rara. Èkejì kò rí ìdí kankan sọ. Òfin kò fi ti ìdí ṣe kí ó tó mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé òun ti mọ bí Fort Hood ti rí, kí ó gbọ́ eléyìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ṣọ́jà mìíràn tún yìnbọn nínú bárékè náà. Ó pa ènìyàn mẹ́ta, ó sì pa ara rẹ̀. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn fò lọ sí ọ̀rọ̀ apániláyà, nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó yìnbọn, ìwé tó fi tọrọ ààyè láti lọ sílé ló fa àríyànjiyàn láàárín òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìmọ̀ràn mi

N kò sọ pé kí a má béèrè ìdí. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ìjọba sì gbọ́dọ̀ béèrè kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a to ìbéèrè wa bí ó ti yẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú, ta ló fara gbọgbẹ́, kí ni a lè ṣe fún wọn? Báwo ni ìbọn ti ṣe dé ibẹ̀, ta ló rí àmì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀? Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí a tó wá bi ọkàn apànìyàn léèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbólóhùn mẹ́ta wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ láti máa yà sọ́tọ̀: "Mo rí i," "Mo rò pé," àti "Wọ́n ní." Ẹni tó bá wí pé òun rí i, a lè pè é ní ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá wí pé òun rò ó, a lè bi í ní ohun tó mú un rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "Wọ́n ní" kò ní baba, kò ní ìyá, kò sì ní ilé tí a lè lọ bá a. Òun ló wí pé Hasan ti kú nígbà tó wà láàyè, òun náà ló di ẹ̀bi ikú ènìyàn 13 ru ọmọ alágbẹ̀dẹ kan tí kò mọ ibi tí Texas wà.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ni ìròyìn ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín, lẹ́nu yín sì ni ìlú ti ń gbọ́ ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Nígbà mìíràn tí ibi bá ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan bá sáré wá wí fún yín pé òun ti mọ ìdí rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré kí ẹ tó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́: "Ṣé o rí i, tàbí wọ́n ní?"